Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Mi Títí Aago Mẹ́sàn-án

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì nígbà kan ni ilé ẹ̀kọ́ wa,
ní Yúmà, létí aginjù Arisónà.
Lọ́tùn-ún wa, ibi ìfọṣọ;
lósì wa, ibi tí èèyàn ti ń fi òrùka ìgbéyàwó dúró yá owó.
Òórùn ọṣẹ a máa gba ara ògiri wọlé bá ìṣirò,
àwọn ọmọ á ní álíjẹ́bírà àwọn mọ́ tónítóní.

Èmi, Ofelia Quihuis, ni mo ń ṣí i,
èmi náà ni mo ń tì í.
Wọ́n á bi mí pé, irú ilé ẹ̀kọ́ wo ni kì í lu agogo?
Mo ní ti ìjọba ni, òbí kì í san sẹ́ǹtì kan.
Àdéhùn la tọwọ́ bọ̀:
kí wọ́n jẹ́ ká kọ́ ọmọ bó ṣe yẹ ọmọ;
bí ọmọ ò bá wá mọ̀wé,
kí wọ́n wá gba kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́wọ́ mi.

Aago mẹ́ta òru ni bọ́ọ̀sì oko ń gbé Yareli.
Ọ̀bẹ lọ́wọ́, iná lórí fìlà,
ó ń gé létúùsì tí wọn yóò jẹ ní Ṣikágò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.
Nílé ẹ̀kọ́ ńlá tó ti kúrò,
ìgbà mọ́kànlélógójì ni wọ́n kọ “ó pẹ́” síwájú orúkọ rẹ̀.
Ṣé ẹsẹ̀ la ń gé kó lè bá bàtà mu?
Aago kan ọ̀sán ló ń wọlé tọ̀ wá,
ẹrẹ̀ ṣì wà nídìí ṣòkòtò.
Mo ní, “Káàárọ̀, Yareli.”
Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.”

Desmond Pruitt a máa gbé ọmọ rẹ̀ wá ní Ọjọ́rú.
Ó ń ka ìtàn ogun abẹ́lé sókè sí i létí;
ọmọ a sùn kí ogun tó parí.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ n parọ́ fún yín.
Ilẹ̀kùn tó rọrùn-ún wọ̀, ó rọrùn-ún bá jáde.
Efraín ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Ó tún ní Ọjọ́bọ̀.
Ó ní ká fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù òun.
A fún un láyè, a tún fún un láyè,
ó gba inú àyè yẹn lọ.
Ó ku kírédíìtì méjì péré.
Fáìlì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀,
mi ò tíì gbé e lọ síbi tí wọ́n ní kí n gbé e lọ.

Alẹ́ yìí, aago mẹ́sàn-án ti kọjá.
Misis Haldane ti lọ, òun nìkan ló mọ ibi tí ẹ̀rọ ìmúlétutù ti ń pa.
Ó ku èmi, ó ku Yareli àti àròkọ kan
lórí odò Kolorádò, lórí ẹni tó ni omi rẹ̀.
Mo mi kọ́kọ́rọ́ díẹ̀.
Ó ní, “Ìpínrọ̀ kan péré, mà.”
Bọ́ọ̀sì oko ku wákàtí mẹ́fà.
Mo gbọ́ bí ẹ̀rọ ìfọṣọ ìkẹyìn ṣe yí, yí, tó dákẹ́.
Mo fa àga kan.
Mo jókòó.