Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Kúrò Lójú Kan

Ìyá mi kàwé láti inú àpò lẹ́tà.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́ ń dé oko Wirrabeen,
bí odò kò bá kún, bí táyà kò bá bẹ́,
bí awakọ̀ kò bá mutí yó nílé Hanrahan.
Ó fi ìṣirò ránṣẹ́ sí Adelaide nígbà tí àgùntàn ń bímọ;
èsì dé nígbà tí wọ́n ń rẹ́ irun àwọn ọmọ náà:
"Ẹ̀kẹta kò tọ̀nà. Tún un ṣe."
Ìyá mi wo ìwé, ó wo pápá.
Ó ti gbàgbé ohun tí wọ́n bi í.

Èmi ní tèmi, ẹnu rédíò ni mo ti kàwé.
Ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ tábìlì bàbá wa,
ó ní ibi ìtẹsẹ̀ bíi ti kẹ̀kẹ́, kò ní táyà.
Clive ẹ̀gbọ́n mi ló ń wà á.
Ẹni tó ń wà á kò lọ síbì kan,
Alice Springs ló ń bọ̀ wá bá wa.

Irínwó máìlì eruku pupa!
Kò sí igi tí ènìyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀ kó tó débẹ̀,
síbẹ̀ bí iná wínníwínní iwájú ẹ̀rọ bá ti tàn,
Mísì Tregenza ti wọ ilé ìdáná,
ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ta ló ti jí?"
A ó jẹ́ ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa mẹ́tàlá
tí ẹnì kan kò mọ ojú ẹnì kan.
Mo mọ ikọ́ Desmond. Mo mọ ajá ilé Pruett
tó máa ń gbó gẹ́lẹ́ bí a bá kan ìsọdipúpọ̀.
Ìgbà tí ajá yẹn kú, a mọ̀ kí wọ́n tó sọ fún wa.

Bí àrá bá ń bọ̀ lókè, rédíò a máa din ọ̀rọ̀ bí èpà.
"Olú-ìlú ilẹ̀ Faransé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ni..."
ṣàààà.
Ọdún kan gbáko, ilẹ̀ Faransé kò ní olú-ìlú nínú ìwé mi.

Bí mo bá sì ṣẹ Clive, á gbé ẹsẹ̀ kúrò,
ìmọ̀ á kú lójijì bí àtùpà.
Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo fún un ní súìtì, mo bá a bọ́ ẹṣin.
Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó bá àwọn darandaran lọ.
Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó gbọ́ nígbà tó ń wà á.
Títí dòní, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń kọ,
ó sì ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.
Ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni mo fi rìn wọ inú ìwé.

Mo rí Mísì lẹ́ẹ̀kan péré, níbi eré ìje.
Mo ti yà á sínú orí mi: ó ga bí òpó wáyà.
Obìnrin kúkúrú kan ló dúró síbẹ̀, ó ń tiro.
Mo sá sẹ́yìn ìyá mi.
Àfi ìgbà tó ní, "Nerida, ṣé o ti jí?"
ni mo gbóòórùn ilé ìdáná wa.

Nísinsìnyí, àwo funfun kan wà lórí páànù ilé,
ó la ẹnu sí ojú ọ̀run bí ọmọ ẹyẹ.
Tamsin, ọmọ ọmọ mi, ń rí ojú olùkọ́ rẹ̀, ó ń rí eyín,
ó ń rí ológbò tó ń kọjá lẹ́yìn àga.
Síbẹ̀ ó máa ń pa kámẹ́rà tirẹ̀.
Mo ní, kí ló dé? Ó ní, "Màmá àgbà, wọ́n ń wò mí."
N kò mọ èsì. Kò sẹ́ni tó wò wá rí.

Lánàá, òjò ṣú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dákú.
Ojú olùkọ́ dúró gbagidi, ọ̀rọ̀ kù sí i lẹ́nu.
Tamsin pòṣé. Mo ní kó ṣe sùúrù.
Clive jókòó tì wá, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin,
kò sọ nǹkan kan, ó ń wo òjò.
Mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú jígí ojú mi tó já bọ́,
mo rí bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì:
ọ̀kan ń lọ sókè,
ọ̀kan ń bọ̀ nílẹ̀.