Ikọ́ Tó Wà Nínú Orin

Mo ti gé e kí n tó tọrọ rẹ̀.
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìyẹn.
Nínú yàrá àjà kẹrin ní Tìbìlísì, lóru,
kásẹ́ẹ̀tì tí mo rà ní ọjà àlòkù ẹ̀bá afárá,
láàárín fọ́ọ̀kì fàdákà àti àmì-ẹ̀yẹ àwọn ológun àtijọ́:
ọkùnrin mẹ́ta, ohùn mẹ́ta, kò sí ìlù kankan,
wọ́n ń kọrin bí ẹni ń gbé òpó ilé nàró.
Mo fi ìlù ẹ̀rọ sábẹ́ wọn.
Mo nà wọ́n, mo ká wọn, mo yí wọn sẹ́yìn,
mo fọ gbogbo ariwo inú rẹ̀ dànù,
inú mi dùn bí ọmọ tó he ṣúgà.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀:
abúlé kan lókè Sùfánẹ́tì, orúkọ mẹ́ta.
Orúkọ ni kò jẹ́ kí n sùn.
Ohùn tí kò lórúkọ, èèyàn lè pè é ní afẹ́fẹ́.
Èyí tó lórúkọ nílé,
ilé ní ẹnu ọ̀nà,
ẹnu ọ̀nà la sì ti ń kágò.

Wákàtí mẹ́sàn-án nínú bọ́ọ̀sì,
màlúù lójú títì, yìnyín lórí òkè nínú oṣù kẹfà.
Murzakani ń gé koríko. Kò dáwọ́ dúró.
"Ṣé kí n gbà fún ọ láti ṣe ohun tí o ti ṣe?"
Mo dákẹ́.
Ó rẹ́rìn-ín, ó fi itan ṣe tábìlì, ó buwọ́ lùwé.
"Kì í ṣe tèmi náà. Bàbá mi ló fi yá mi."

Gigo, ní ṣọ́ọ̀bù táyà rẹ̀: "Èló?"
Mo dá iye kan. Ó ní kí n tún un dá.
A dúnàádúrà títí tíì fi tutù.
Ìyẹn náà dára.
Kì í ṣe gbogbo ìyọ̀ǹda ló ń sunkún.

Ẹni kẹta ti kú.
Òun ló ni ohùn ìsàlẹ̀, ilẹ̀ tí àwọn méjì tẹ̀ dúró,
òun ni mo sì lò jù.
Ta ní í fi ẹnu òkú dáhùn bẹ́ẹ̀ ni?

Pelagia, opó rẹ̀, ń ro ebè ọ̀dùnkún.
Ó nu ọwọ́ sára yẹ̀rì,
ó ká ìborùn dúdú kúrò létí,
mo fi íápíìsì sí i.
Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní kí n tún un gbé sí i.
Lẹ́ẹ̀kẹta ló tó béèrè:
"Ikọ́ rẹ̀ dà?"

Ikọ́ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì,
kékeré, bí ẹni kan ilẹ̀kùn
tí kò fẹ́ jí ará ilé.
Mo ti pa á rẹ́. Ìdọ̀tí ni mo pè é.

"Ọdún tí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀.
Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní kó wọ ẹ̀wù sí i.
Ikọ́ yẹn ni ikọ̀ tí ikú rán ṣáájú.
A kò mọ̀. A fún un lóyin."

Kò ka ìwé mi, kò buwọ́ lù ú.
"Dá a padà sáyè rẹ̀.
Lẹ́yìn náà kí o wá tún béèrè."
Ó ti padà sídìí ebè kí n tó dìde.

Mo ti dá a padà.
Ó bọ́ sáàárín ìlù méjì, ibi tí mo rò pé ó ṣófo.
Mi ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ.
Oṣù kẹwàá ti wọlé, wọ́n ní yìnyín lè dí ọ̀nà.
Bọ́ọ̀sì aago méje ni mo fẹ́ wọ̀.
Íápíìsì wà lápò mi, àti ìgò oyin kan
tí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.