Òpó Kẹrin

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi gba owó-orí ní Ẹ̀pẹ́.
Mo mọ gbèsè gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti Òkè-Balógun dé etí ọ̀sà,
mo mọ ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé sá
bó bá ti gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ mi.

Òpó mẹ́rin ló wà nínú ìwé mi:
orúkọ, iye owó, ọjọ́ tí wọ́n san án,
òpó kẹrin la ti ń kọ "A yọ̀ǹda."
Ilé Ọlọ́run kì í san owó-orí. Òfin ló wí bẹ́ẹ̀,
èmi náà ò sì bá òfin jà.
Ibi tí wọ́n ti ń sin òkú aláìní lọ́fẹ̀ẹ́,
ibi tí ọmọ òrukàn ti ń jẹ sàárà láàárọ̀ Jímọ̀,
kí ni mo fẹ́ gbà níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n ilé yìnyín tí Wòlíì Odùlàjà kọ́ sẹ́yìn ìjọ,
tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń bú ju ẹgbẹ́ akọrin lọ,
tó ń ta páálí ẹja òkèèrè fún gbogbo ọjà,
òun náà wọ òpó kẹrin.
Wòlíì ní, "Ṣebí ẹja ni Jésù fi bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́.
Lálẹ́ ọjọ́ náà ni páálí kan dé ilé mi.
Títọ́ọ̀sì ni, ẹja tó ń jẹ́ orúkọ inú Bíbélì.
Ọjọ́ mẹ́ta la fi jẹ ẹ́.

Lódìkejì ọ̀nà, Sùwẹ́bátù ń yan àrọ̀ lórí ààrò,
èéfín ti fọ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún.
Ó ní, "Ìrun márààrún ni mo ń kí nínú ahéré yìí.
Ṣé kì í ṣe ilé Ọlọ́run ni?"
Mo ní òfin ò mọ ìyẹn.
Ó tú etí ìró rẹ̀,
ó ka owó tó ń rùn bí ẹja sí mi lọ́wọ́.
Mo ya rìsíìtì fún un.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí.
Gọ́tà àdúgbò wa dí láti ọdún mẹ́fà,
wọ́n ní àpò ìjọba gbẹ, kò sówó tí wọn ó fi kó o.
Bí òjò bá rọ̀, orí tábìlì ni mo ń jókòó sí,
omi á máa gbé bàtà mi kiri pálọ̀,
èmi á máa ṣírò páálí ẹja kan.

Wọ́n ní ẹ̀san ń bọ̀ wá bá Wòlíì.
Ó sanra sí i. Ó ti kọ́ ilé yìnyín kejì.
Àrá ni mo rò pé ẹ̀san jẹ́ tẹ́lẹ̀,
tí í já lu orí ẹni tó jẹ̀bi.
Àṣé omi gọ́tà ni:
kì í kan ilẹ̀kùn, kì í béèrè rìsíìtì,
ilé Sùwẹ́bátù tó sanwó ló kọ́kọ́ wọ̀.

Lánàá, ó wọ́ omi wá bá mi,
rìsíìtì ọdún mọ́kànlélógún nínú ọ̀rá.
"Bá mi ṣe é pọ̀. Èló ni mo san?"
Mo ṣe é pọ̀. Mi ò lè pe iye rẹ̀ síta.
Kò bínú. Ó gbé àrọ̀ yíyan kan sórí tábìlì,
kò gbowó, ó padà sínú omi.

Mo ṣí ìwé mi àtijọ́.
Mi ò rí òpó tí mo lè kọ ọ́ sí.