Ẹni Tó Ń Ka Mítà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kan ilẹ̀kùn ní Àkúrẹ́.
Láti Alágbàká dé Òkè-Àró, mo mọ ajá tí ń gbó lásán,
mo sì mọ èyí tí ń dákẹ́ kó tó gé ni jẹ.
"NẸ́PÀ dé!" Àwọn ọmọdé á sáré wọlé,
ìyá wọn á jáde, ọṣẹ á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀,
á ní mítà náà ti ya wèrè, kí n ṣàánú.
Wọ́n bú mi. Wọ́n fún mi lómi mu.
N ò mọ̀ nígbà náà pé àbẹ̀wò ni.

Nísinsìnyí, káàdì la fi ń ra iná.
Nọ́ńbà ogún lórí fóònù, o tẹ̀ ẹ́, ó tàn.
Ẹnikẹ́ni ò ní í kan géètì mi ní Òkè-Ìjẹ̀bú
láti wá wo ohun tí mo jẹ, tàbí ohun tí n kò jẹ.

Ìbídùn ló bá mi wá a, láti Kánádà.
Ó ní, "Bàbá, obìnrin kan wà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀."
Mo ní, ṣé orí mi ti dàrú ni?
Ó ní rárá. Ó ní, "Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lánàá
láti béèrè pé aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ wa."
Mo dákẹ́. Òótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì,
mo gbé fóònù ti agolo mílíìkì.
Fẹ̀yíkẹ́mi lorúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ bí ti ará Ògbómọ̀ṣọ́.
Ojú rẹ̀ dúró, ẹnu rẹ̀ ń lọ, nẹ́tíwọ̀kì ń fà bí ilá.

Mo kọ́kọ́ purọ́ fún un. Mo ní ara le.
Mo ní mo lọ́rẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ta ló pe orúkọ yín gbẹ̀yìn?
Kì í ṣe 'Bàbá' o. Orúkọ yín gan-an."

Mo wo òrùlé.
Mo wo mítà lára ògiri, iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú,
òun nìkan ló ti ń ṣẹ́jú sí mi látàárọ̀.
Mo ní: Olúfúnmbi ni. Ní ọsibítù, lóru, nínú oṣù Òkúdu.
Ó ní, "Akínrìnmádé, pa iná yẹn, owó ń lọ."
Mo sì pa á.

Fẹ̀yíkẹ́mi ò sọ pé kí n máa gbàdúrà.
Kò sọ pé ìyá tirẹ̀ náà ti kú.
Ó kàn bá mi dákẹ́, ìdákẹ́ tí ọmọ mi ń sanwó fún.
Ó dùn mí. Ó sì dùn mọ́ mi.

Lẹ́yìn náà nẹ́tíwọ̀kì já.
Mo rí arúgbó kan nínú ojú dúdú fóònù,
ó yẹ kó fá irùngbọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó fún mi níṣẹ́. Kékeré ni, ó ní:
kí n kan ilẹ̀kùn kan ṣoṣo kó tó di Ọjọ́bọ̀.
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi! Èmi tí mo ti kan ẹgbẹ̀rún géètì!
Àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dúró lẹ́yìn géètì tèmi,
ọwọ́ lórí ìkọ́ rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láti ìta.
Kí ni mo fẹ́ sọ? N ò gbé ìwé owó iná dání mọ́.

Ọjọ́rú, òjò dá. Mo lọ sí ojúlé kejì,
níbi tí àwọn ayálégbé tuntun wà.
Ajá wọn gbó mi. Mo mọ irú rẹ̀: agbólásán.
Ọmọbìnrin kan ní, "Ta nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn ló bọ́ lẹ́nu mi.
"NẸ́PÀ," ni mo wí.
Ó yọjú, ó wò mí, ó wo sílípáàsì mi,
ẹsẹ̀ kan búlúù, ẹsẹ̀ kan dúdú.
Ó ní, "Bàbá, káàdì là ń lò o."
Mo ní mo mọ̀.
Ó ṣí géètì.