Ìdánudúró Ìkẹyìn

Aago méjì òru, Kubwa. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ti dákẹ́.
Mo kọ àdírẹ́sì, mo fi ìdánudúró há a nídìí:
.ìlú, Gwagwalada
.oṣù, Igbe
.òjò
Ọ̀kọ̀ọ̀kan bu tirẹ̀ sí i,
ó gbé odindi rẹ̀ lé ọwọ́ èyí tó kàn,
bí àwọn lébìrà Lugbe tí ń na páànù kọnkéré síra wọn
títí dé orí dẹ́kìn.

Talatu ní bàbá òun ti yan irúgbìn ọkà bàbà sọ́tọ̀,
òjò ló kù.

Mo dúró. Èsì kò dé.
Mo bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo bú Nẹ́pà.
Àṣé ìbéèrè náà jókòó tì mí, ó gún, ó dán,
kò sẹ́ni tó ní kó máa lọ.

.lọ

Mílímítà mẹ́rin, ní ọjọ́ Àìkú.
Mo pe Talatu láìwo aago.