Ìwé Òjò Tíṣà Fárótìmí

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Tíṣà Fárótìmí fi ka òjò
lẹ́yìn kíláàsì, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ní Òkè-Àró.
Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ kì í bá a lórí ibùsùn.
Á bẹ̀rẹ̀, á gbé ìgò dé iwájú ojú,
á di ojú kan,
á ní, "Méjìdínlógún àbọ̀,"
bí ẹni ń ka owó àjọ.
Á kọ ọ́ sínú ìwé. Bírò dúdú ni,
àfi òjò tó bá ṣeni léṣe: ìyẹn, bírò pupa.

Èmi ọmọ àbúrò rẹ̀ ni mo ń bá a di agboòrùn mú.
Mo rò pé iṣẹ́ ẹni tí kò níṣẹ́ ni.

Ìjì oṣù Ẹrẹ́nà ò kan ilẹ̀kùn.
Ó ṣí orùlé ilé-ìwé bí ẹni ṣí ewé mọ́ín-mọ́ín.
Ilẹ̀ mọ́, páànù ṣọ́ọ̀ṣì àti páànù mọ́sálásí
sùn pọ̀ nínú oko kòkó.
Odò gun òkè wá wo ohun tá a tọ́jú sí yàrá.
Àlá là ń pè é;
lóru ọjọ́ náà, ta ló sùn?

Wọ́n wá pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn, lábẹ́ ìlàjì orùlé tó kù.
Àwọn ọmọ yunifásítì gbé òpó irin kan dé,
ife kéékèèké mẹ́ta ń pòòyì lórí rẹ̀,
sólà rẹ̀ ò ju àwo ìjẹun lọ.
Ọmọ́ṣaléwá tó ń ṣàlàyé ní,
"Kí ìjì tó dé, fóònù yín á ti dún."
Ìyá Arómọláràn dìde, ó tún gèlè dì.
"Iná ò sí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Kí ni fóònù tó ti kú fẹ́ gbọ́?
Èdè wo lẹ sì máa fi kọ ọ́ sí mi?"
Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.
Ọmọ́ṣaléwá ò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Tíṣà ṣí ìwé rẹ̀. Kò ka iye nìkan.
"Oṣù Òkúdù, ọjọ́ kẹtàlá. Mílímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.
Ewúrẹ́ Ìyá Káńdè bá odò lọ.
Oṣù Agẹmọ, ọjọ́ kejì. Méjìdínláàádọ́rùn-ún.
Mojírọ́lá, kíláàsì kẹta,
kò délé."
A gbọ́ páànù tó ń mì lókè.
Mo rántí ọjọ́ kejì yẹn: èmi ni mo di agboòrùn mú,
mo ń kanra pé bàtà mi tutù.

Ẹ̀rọ náà ní ìwà tirẹ̀.
Nínú oṣù Ọ̀pẹ, tí ọyẹ́ ti la ètè gbogbo ìlú,
ó ní òjò rọ̀, mílímítà mẹ́rin.
A sáré débẹ̀: àwọn ọmọ ti da omi inú ọ̀rá sí i lórí.
Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
Ó ní aláǹgbá ti yé sínú ìgò tòun náà rí.
Ṣùgbọ́n òru kì í ká ẹ̀rọ mọ́ ojú oorun.
Èyí ló sọ fún mi fúnra rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́,
lọ́dún tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Lánàá, aago méjì òru, fóònù gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí mi.
Mo mú irin, mo jáde,
mo lu ríìmù ọkọ̀ tó wà lára igi máńgòrò ilé-ìwé,
mo lù ú títí apá fi ń dùn mí.
Fìtílà ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀ létí odò.
Ìyá Arómọláràn gun òkè wá, bàtà ẹsẹ̀ kan,
ọmọ-ọmọ lẹ́yìn, èébú lẹ́nu.

Láàárọ̀ mo gbé ìgò sókè, mo di ojú kan.
Mílímítà mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ògiri méjì wó.
Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó na etí.
"Bírò wo lo fi kọ ọ́?"
Mo ní, "Dúdú ni, sà."