Orogún Ìbídùnún

Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi dúró lábẹ́ àtẹ̀gùn
nílé wa ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, lẹ́yìn ògiri rélùwéè,
tàpólì bò ó lórí bí ìyàwó tí kò fẹ́ kí àna rí ojú òun.
Adìẹ yé sínú àpótí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún.
Àwọn ọmọ ayálégbé gùn ún dé Kánò, wọ́n gùn ún dé Mẹ́kà,
ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe ìró ẹ́ńjìnnì.
Ẹni tó ń ti ọmọlanke kọjá, tó ń ké "Kóńdẹ́mù!",
á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àtẹ̀gùn, á ní, "Bàbá, èló?"
Mo ní, "Èló ni wọ́n ń ra ẹsẹ̀ mi méjèèjì?"

Ìbídùnún ló sọ ọ́ ní orogún.
"Orogún mi ti yó, ó ku èmi,"
bí mo bá ra epo kí n tó ra ìrẹsì.
Kò parọ́. Èmi àti orogún rẹ̀ la jọ rí Lomé,
la jọ rí òjò Kútọnu tó ń ti ẹ̀gbẹ́ rọ̀,
la jọ sun ìdí máńgòrò kan ní Àtàkpàmé
tí èso rẹ̀ ń já lu táńkì, gbì, gbì, títí ilẹ̀ fi mọ́.
Lẹ́yìn náà ni ìṣubú ọ̀nà Àgbárá.
Èjìká mi dá. Dígí rẹ̀ kan fọ́.
Ọjọ́ tí mo ti ọsibítù dé, kọ́kọ́rọ́ di àwátì.
N kò béèrè. Kò sọ.
Ọdún mẹ́rìndínlógún la fi jọ dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a ṣe ìrántí ọdún kan rẹ̀ tán,
Mofólúwaké ọmọ wa ń wá abẹ́rẹ́ nínú agolo òwú ìyá rẹ̀.
Ó bá a nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ bọ́tìnnì, nínú àjákù àǹkárá.
Kò dípẹtà rárá.
Ó ti fi fasilíìnì pa á lára,
bí ẹni ń para fún ọmọ tuntun nígbà ọyẹ́.
Mo ń wo kọ́kọ́rọ́ yẹn títí wọ́n fi mú iná lọ.

Bísíríyù ni mo pè, mẹkáníìkì Òyìngbò,
tí kò mọ alùpùpù kankan ju Bàjáàjì lọ.
Ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó pòṣé.
"Bàbá, eléyìí ò kú, ó ti jẹrà."
Mo ní kó mú sípánà, kó fi ẹnu sílẹ̀.
A da nọ́ọ̀tì àti òkúta wẹ́wẹ́ sínú táńkì,
èmi níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún,
a ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́ bí àwọn tó ń jà sí ogún,
ìpẹtà ń ṣàn jáde, pupa bí omi osùn.
Níbi tó ti ń mí, eku ti tẹ́ ibùsùn:
ìyẹ́ adìẹ, irun wíìgì,
àti bíìlì NẸ́PÀ tí mo ti búra pé mo san.
Bóòtù kan kọ̀. A fi òróró, a fi iná àbẹ́là, a fi èpè.
Bísíríyù gbé òòlù. Mo ní rárá,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n.
Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó yí.
Rọ́bà kábúrétọ̀, a wá a dé Ládípọ̀, wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín.
Bísíríyù gé e lára tíúbù kẹ̀kẹ́. Ó bá a mu.

Àárọ̀ Sọ́ńdè, mo tẹ kíìkì. Ó húkọ́.
Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó sín.
Ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀kẹwàá, orúnkún mi ń dún ju òun lọ,
àfi dùgù.
Dùgùdùgù. Dùgùdùgùdùgù!
Èéfín bo àgbàlá, adìẹ fò sórí ògiri,
ayálégbé òkè ń ké "Iná o! Iná o!"

Òyìngbò. Ìdó.
Atẹ́gùn ọ̀sà gbá mi láyà lẹ́sẹ̀ Afárá Kátà,
mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n sọ pé, "Ìbídùnún, o rí i?"
ló bá dákẹ́ mọ́ mi lábẹ́.

Mo tì í. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin
ti irin padà dé Ẹ̀bútè Mẹ́ta,
àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń kí mi kú iṣẹ́.
Ó ti gbé mi dé Lomé rí, gbèsè ni mo ń san.
Bísíríyù bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ táńkì, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Bàbá. Ẹ ò ṣí tápù epo."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mofólúwaké.